Títún Ilé Àgùdà Ṣe ní Èkó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Jogún Un

Ẹni tó ń ba ilé Àgùdà jẹ́ kì í sábà jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Ọmọ ilé ni. Ó rówó díẹ̀, ó ra sìmẹ́ńtì, ó pe bíríkìlà, wọ́n rẹ́ ògiri náà títí ó fi ń dán. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ògiri wú, ó sì ń já lulẹ̀ ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí dá lórí omi, nítorí omi ló ń pa ilé àtijọ́, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ìyókù dá lórí ẹbí.

Irú ilé wo là ń pè ní ilé Àgùdà?

Àgùdà ni à ń pe àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí àwọn tàbí ọmọ wọn sì padà wálé, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835. Àwọn kan ṣì ń bọ̀ nígbà tí òfin fòpin sí oko ẹrú ní Brazil ní 1888. Àwọn tó ti Cuba dé náà wà láàárín wọn. Oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nínú wọn: bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀. Ní erékùṣù Èkó ìgbà náà, onílẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà dé, wà ní Olówógbowó, òyìnbó wà ní Marina, Àgùdà sì wà ní Pópó Àgùdà, ìyẹn agbègbè Campos Square, òpópónà Bámgbóṣé àti Tòkunbọ̀.

Ẹ ó mọ ilé náà bí ẹ bá rí i. Ògiri rẹ̀ nípọn, amọ̀ tàbí bíríkì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gba àárín ilé kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá sì tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Fèrèsé onígi ga, orí rẹ̀ sábà tẹ̀ bí òṣùmàrè. Wọ́n ya òdòdó àti ọnà sí etí fèrèsé àti orí òpó, wọ́n sì fi ọ̀dà aláwọ̀ kùn ún. Ilé Omi ní òpópónà Kakawa, tí João Esan da Rocha kọ́, jẹ́ ọ̀kan. Inú kànga rẹ̀ ni wọ́n ti ń ta omi fún ará àdúgbò, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins, tí wọ́n ṣí ní 1894, jẹ́ òmíràn: Mùsùlùmí ló ni ín, ṣùgbọ́n Àgùdà ọmọ ìjọ Kátólíìkì, João Baptista da Costa, ló yàwòrán rẹ̀. Irú ilé yìí kò pin sí Èkó. Ó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó wà ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá dé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, yóò rí mọ́ṣáláṣí ńlá kan tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia.

Ìjọba ti kọ ilé wa sínú ìwé ohun ìrántí. Ṣé ọkàn wa lè balẹ̀?

Rárá o. Ẹ wo ilé Fernandez ní Tinubu Square, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Ilojo Bar. 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ Àìkú, 11 September 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Fún ọgọ́ta ọdún, ìwé wà, òjò sì ń rọ̀ wọlé.

Ohun tí ìwé náà ń ṣe ni pé ó fún yín ní ẹsẹ̀ lábẹ́ òfin. Bí ilé bá ti wà lábẹ́ àjọ NCMM tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí, ẹnikẹ́ni, títí kan onílé, kò gbọdọ̀ wó o tàbí yí i padà láìgba àṣẹ wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní òfin tirẹ̀ lórí àwọn ilé tó wà lákọsílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, LASPPPA ló ń fúnni níwèé àṣẹ ìkọ́lé, LASBCA ló sì ń yẹ iṣẹ́ wò. Ìwé àṣẹ ọ̀kan kò rọ́pò ti èkejì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n rò pé ó ti parí.

Ilé ẹbí ni. Ta ló lè fọwọ́ sí àtúnṣe, ta ló sì lè tà á?

Bí ẹni tó kọ́lé bá kú láìṣe ìwé ìhágún, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló jùmọ̀ ni ilé náà, olórí ẹbí ló sì ń mójú tó o. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni títà náà níwájú òfin. Bí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ìdí igi kọ̀ọ̀kan (àwọn ọmọ ìyá kan náà nínú ẹbí) mọ̀, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e bí wọ́n bá tètè pẹjọ́. Kí wọ́n tètè ló ṣe kókó. Ẹni tó bá dákẹ́ fún ọdún mẹ́wàá kí ó tó pariwo kì í sábà jàre.

Kí ẹ tó na kọ́bọ̀ sórí ilé, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta. Ẹ kọ orúkọ ìdí igi kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó ń ṣojú rẹ̀, títí kan àwọn tó wà ní London tàbí Amẹ́ríkà; àwọn tí a gbàgbé ló máa ń gbé lọ́yà wá. Ẹ ṣí àpò owó ní báńkì tó jẹ́ pé ẹni mẹ́ta láti ìdí igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ iye tí yóò máa kúrò nínú owó ilé tí àwọn ayálégbé ń san lọ sí àpò àtúnṣe lọ́dọọdún, kí ẹ tó pín ìyókù. Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ kò pọ̀ jù. Ẹbí tó bá ń pín gbogbo rẹ̀ tán ń jẹ ilé náà ní díẹ̀díẹ̀.

Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe kí òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ kan ògiri?

Bí òrùlé bá ń jò, tapólì ni àkọ́kọ́, kódà kí ẹ tó ṣèpàdé. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ya fọ́tò. Ẹ dúró ní àárín yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ ya ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òkè àjà àti ilẹ̀. Ẹ ya ojú ilé láti iwájú gan-an, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi igi oníwọ̀n mítà kan ti ògiri kí ẹni tó ń wo fọ́tò lè mọ bí fèrèsé ṣe tóbi tó. Ẹ fún fèrèsé àti ilẹ̀kùn ní nọ́ńbà, ẹ kọ ọ́ sára igi gan-an níbi tó fara sin. Ẹ wọn ìnípọn ògiri, gíga yàrá, fífẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ méjì tó fún ilé oníyàrá mẹ́jọ.

Ẹ ha igun kan tó fara sin wò: ṣé amọ̀ ló wà nínú, àbí bíríkì tí wọ́n sun? Ẹ bu díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri látijọ́, ẹ fi sínú nylon, kí ẹ kọ ibi tí ẹ ti bù ú sí i lára. Bó bá funfun, tó rọ̀ débi pé èékánná lè ha á, láìmù ni. Bó bá dúdú bí eérú, tó le, tó dún gan-n-gan, ẹnì kan ti fi sìmẹ́ńtì sí i ṣáájú yín.

Ìsàlẹ̀ ògiri tutù ní gbogbo ìgbà, ọ̀dà sì ń ṣí. Kí ló fà á?

Ìdí mẹ́ta ló wọ́pọ̀ ní erékùṣù Èkó, wọ́n sì sábà ń wà papọ̀.

Èkíní, títì ti ga ju ilé lọ. Ọdọọdún ni wọ́n ń da ọ̀dà lé ọ̀dà lórí títì, títí tí ilẹ̀ yàrá tó ga ju títì nígbà kan fi wá di kòtò. Omi gọ́tà wá ń wo ilé láti òkè. Èkejì, wọ́n ti da kankéré yí ilé ká, wọ́n sì ti lẹ táìsì mọ́ ilẹ̀ yàrá. Ọ̀rinrin inú ilẹ̀ kò rí ibi gbà jáde mọ́ bí kò ṣe ara ògiri, ó wá ń gun un lọ sókè. Ẹ ó rí ìlà rẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan sókè, pẹ̀lú iyọ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. Iyọ̀ yẹn ló ń ti ọ̀dà dànù. Ẹ̀kẹta, omi òrùlé ń já bọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri gan-an, tàbí páìpù balùwẹ̀ ń jò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ tún gọ́tà òrùlé ṣe, kí páìpù rẹ̀ gbé omi jìnnà sí ògiri. Ẹ hú kankéré tó fara kan ògiri níta ní ìwọ̀n 300 mm, ẹ wa ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ fi gíránáìtì kún un dípò rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó kù dagẹ̀rẹ̀ kúrò lẹ́bàá ilé: 25 mm fún mítà kọ̀ọ̀kan tó. Ẹ má ṣe wa ilẹ̀ jìn ju ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ lọ, ẹ má sì ṣe wa gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wa mítà kan, ẹ dí i, kí ẹ tó wa mítà tó tẹ̀ lé e. Ìpìlẹ̀ ilé amọ̀ kì í jìn, ẹni tó bá sì wa gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lóòjọ́ kan lè bá ògiri ní ilẹ̀ lówùúrọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dúró. Ògiri tó nípọn lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbẹ. Ẹni tó bá rẹ́ ẹ kó tó gbẹ ti fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Kí ló burú nínú sìmẹ́ńtì? Gbogbo ilé tuntun ni wọ́n fi ń kọ́.

Kò burú fún búlọ́ọ̀kù. Fún amọ̀ ló burú. Ògiri amọ̀ ń mí: ó ń mu ọ̀rinrin nígbà òjò, ó sì ń tú u jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi yóò ṣì máa wọlé láti inú ilẹ̀ àti láti ojú ibi tó sán, nítorí sìmẹ́ńtì kò lè ṣe kó má sán nígbà tí amọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bá ń wú tó sì ń súnkì. Omi wọlé, kò lè jáde mọ́. Amọ̀ rọ̀ di ẹrẹ̀ lẹ́yìn sìmẹ́ńtì tó dúró gbọin-gbọin, ojú kò sì rí nǹkan kan títí ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò fi ṣí bí èèpo. Ìdí nìyí tí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún rẹ́ fi ń wó ṣáájú èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn.

Bí sìmẹ́ńtì bá ti wà níbẹ̀, ẹ fi ìka kàn án. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo ti ṣí kúrò lára amọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú òòlù kékeré àti ṣísẹ́lì, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ tó ń lu kankéré wá. Ibi tó bá lẹ̀ débi pé amọ̀ ń bá a ya, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ lọ wá ọ̀nà omi. Àtúnṣe tó ń ba ògiri jẹ́ ju àbùkù tó bá lọ kì í ṣe àtúnṣe.

Báwo la ṣe ń po láìmù?

Láìmù tí wọ́n fi kọ́lé wá láti ara òkúta tàbí ìkarahun tí wọ́n sun. Ẹ ṣọ́ra lọ́jà: láìmù tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sóko jẹ́ òkúta tí wọ́n kàn lọ̀, wọn kò sun ún, kò sì ní dì láé. Èyí tí ẹ fẹ́ ni láìmù tó ti mumi, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí àwọn tó ń fọ omi mọ́ náà ń lò. Kí àpò rẹ̀ má tíì já, kó má sì tíì pẹ́. Bó bá ti di òkúta wẹ́wẹ́ nínú àpò, afẹ́fẹ́ ti pa á.

Ẹ bu omi sí dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ wá máa da láìmù sínú omi, kì í ṣe omi sórí láìmù. Ẹ rò ó títí yóò fi rí bí òrí. Ẹ jẹ́ kí omi díẹ̀ bò ó lórí, ẹ dé e, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ó kéré tán. Oṣù kan dára jù. Láìmù ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú: ìbọ̀wọ́, gíláàsì ojú, àti omi mímọ́ nítòsí. Láìmù gbígbóná tí kò tíì mumi rárá máa ń hó bí ẹ bá fi sómi, kì í sì í ṣe nǹkan tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ dán wò.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan láìmù, bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yanrìn tó ní ṣóńṣó, tí wọ́n fọ̀ kúrò nínú iyọ̀. Yanrìn etí òkun kò dára, iyọ̀ inú rẹ̀ yóò padà yọ lára ògiri. Ẹ gún un pọ̀ dáadáa kí ẹ tó fi omi kún un. Ó sábà máa ń rọ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń gún un. Ẹ wọ́n omi sí ògiri lákọ̀ọ́kọ́. Ìpele kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ nípọn ju 10 sí 12 mm lọ, ẹ sì dúró bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì láàárín ìpele kan sí èkejì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kíkánjú: bíríkìlà tó mọ sìmẹ́ńtì nìkan yóò fẹ́ parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Láìmù ń dì nípa mímu afẹ́fẹ́, kò sì gbọdọ̀ yára gbẹ. Ẹ rẹ àpò kòkó sínú omi, ẹ fi kọ́ síwájú ògiri, kí ẹ máa wọ́n omi sí i lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà tí òjò October bá ti ń lọ, tí ọyẹ́ kò sì tíì dé, ni ìgbà tó dára jù.

Ògiri sán. Ìgbà wo ló yẹ ká bẹ̀rù?

Aláǹgbá kò dúró de ìgbà tí ògiri bá wó kó tó wọlé, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe dúró. Ibi tó sán tí kò fẹ̀ ju irun lọ kò ní wàhálà. Èyí tó gùn dagẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé ń sọ pé ìpìlẹ̀ ń rì. Èyí tó wà ní igun ilé láti òkè dé ìsàlẹ̀ ń sọ pé ògiri méjì ń yà kúrò lára wọn. Bí ògiri bá yọ ikùn síta, ẹ kó èèyàn kúrò nínú yàrá náà lónìí, ẹ fi igi gbè é, ẹ pe ẹnjiníà.

Fún ìyókù, ẹ fa ìlà pẹ́ńsù kékeré ní ọ̀tún àti òsì ibi tó sán, ẹ wọn àárín wọn, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ máa wọn ọ́n lóṣooṣù láti òjò kan dé èkejì. Bí kò bá yí padà, ó ti dákẹ́, ẹ dí i. Bó bá ń fẹ̀, dídí i kò tọ́jú nǹkan kan. Èyí tó bá ti fẹ̀ ju 15 mm lọ kì í ṣe ti bíríkìlà mọ́.

Ṣé a lè da dẹ́kìn sí i, ká sì fi àjà kan kún un?

Ẹ má dán an wò.

Òrùlé ńkọ́?

Òrùlé ni ìdajì iṣẹ́. Bí ẹ bá ní owó fún ẹyọ ohun kan ṣoṣo lọ́dún yìí, òrùlé ni. Ẹ kan ìṣó tàbí sukúrù sí òkè ìgbì páànù, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà. Páànù kan gbọ́dọ̀ gun èkejì lórí ní 150 mm ó kéré tán, kó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ bí òrùlé kò bá dagẹ̀rẹ̀ púpọ̀. Páànù alumíníọ̀mù ń dípẹtà kíákíá níbi tí ìṣó irin lásán bá ti kàn án, nítorí irin méjèèjì kì í bá ara wọn gbé, pàápàá níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ń dé. Bí ilé náà bá ní àjà asbestos láti ìgbà òyìnbó, ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má sì ṣe fi ayùn gé e. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ pe ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́.

Ikán ti jẹ igi fèrèsé. Ṣé ká fi alumíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀?

Ikán ń tẹ̀ lé ọ̀rinrin. Bí ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀ wọn lára ògiri, ẹ wo òkè rẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé nǹkan kan ń jò níbẹ̀. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún igi náà káàkiri. Ibi tó bá wọlé wẹ́rẹ́ ti kú, ibi tó bá kọ̀ ṣì wà láàyè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìsàlẹ̀ nìkan ló ti jẹrà. Káfíńtà tó mọṣẹ́ yóò gé e dagẹ̀rẹ̀ dé ibi tí igi ti le, yóò sì fi ìrókò tàbí ọ̀pẹ̀pẹ̀ gbígbẹ so ó. Orí ìtì tó wọnú ògiri gbọ́dọ̀ ní àlàfo díẹ̀ yí i ká, kí afẹ́fẹ́ lè kan án. Ẹ má ṣe fi sìmẹ́ńtì dì í mọ́bẹ̀.

Fèrèsé onígi tí awẹ́ rẹ̀ tò léra ń dá oòrùn dúró, ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Fèrèsé gíláàsì alumíníọ̀mù kò lè ṣe méjèèjì, ẹ ó sì tún ra ẹ̀rọ amúlétutù.

Ọnà ojú ilé ti ń já. Ta ló lè tún un ṣe?

Wọ́n máa ń gé ìrísí ọnà náà sára páànù, wọ́n á kàn án mọ́ igi, wọ́n á sì fà á lórí láìmù tútù ní ìgbà púpọ̀ títí ìrísí yóò fi jáde. Ẹ gba ìrísí náà lára apá tó ṣì pé, ẹ má ṣe fojú inú ṣe é. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oníṣẹ́ POP fi POP ṣe ti ìta: inú ilé ló wà fún, òjò ń yọ́ ọ. Òdòdó tó bá já, ẹ kó gbogbo àfọ́kù rẹ̀ pa mọ́. Òun ni ẹ ó fi ṣe mọ́ọ̀dù tuntun.

Ọ̀dà wo ló dára?

Kì í ṣe gílọ́ọ̀sì, kì í sì í ṣe ẹmọ́ṣọ̀nù tó ń bo ògiri bí rọ́bà. Láìmù tí ẹ fi omi lú títí yóò fi ṣàn bí wàrà, pẹ̀lú àwọ̀ tó wá láti inú ilẹ̀ bí pupa tàbí pupa rúsúrúsú, ni ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, kó fẹ́lẹ́ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe bẹ̀rù bí ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́ bá dà bí ẹni pé kò bo nǹkan kan; bó bá ṣe ń gbẹ ló ń funfun. Ẹ tún un kùn ní ọdún díẹ̀ díẹ̀. Kò wọ́n.

Balùwẹ̀, iná àti táǹkì omi ńkọ́?

Ẹ kó gbogbo ibi tó ń lo omi jọ sí ẹ̀yìn ilé, ó dára jù bí ó bá dá dúró. Táǹkì 1000 lítà wúwo tó tọ́ọ̀nù kan bó bá kún: kó dúró lórí ẹsẹ̀ irin tirẹ̀, kì í ṣe lórí ògiri yín. Ẹ má ṣe la ògiri amọ̀ láti fi wáyà pa mọ́. Ẹ gbà á gba inú páìpù lójú ògiri.

Owó dà? Ilé yìí kò pa nǹkan kan wọlé.

Ilé òfìfo ló ń yára wó, nítorí kò sẹ́ni tó ń rí ibi tó ń jò. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Broad Street ti di Freedom Park láti 2010, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n ń tajà oúnjẹ. Jaekel House ní ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, tí wọ́n kọ́ ní 1898, wà nídùúró nítorí ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún un ṣe, wọ́n sì ń lò ó fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré. Ẹ kò nílò ohun ńlá bẹ́ẹ̀. Ilé ìtajà ní ìsàlẹ̀, ọ́fíìsì lọ́yà tàbí ayàwòrán ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ìwé àdéhùn sì sọ ọ́ kedere pé ayálégbé kò gbọdọ̀ kan ògiri láìbéèrè. Ṣáájú kí ẹ tó fún oníléeṣẹ́ ìkọ́lé ní ilẹ̀ náà láti pín in, ẹ ṣírò ohun tí ọdún mẹ́wàá owó ilé yóò jẹ́. Àwọn ẹbí kan tó ti pín in kò rí ju yàrá kan àbọ̀ lọ fún ìdí igi kan.

Katapílà ti dé lọ́jọ́ Àìkú. Kí la lè ṣe?

Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń yàn, nítorí ọ́fíìsì ti tì. Ẹ má dúró de ọjọ́ Ajé. Ẹ ya fídíò tó fi nọ́ńbà ẹ̀rọ àti ọjọ́ hàn. Ẹ bi wọ́n ní ìwé àṣẹ ìwólé, ẹ ya á. Kí ẹnì kan sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí òmíràn pe LASBCA àti NCMM, kí lọ́yà yín sì ti ní ìwé ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti fi béèrè pé kí ilé ẹjọ́ dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ Ajé. Ìwé yẹn, fọ́tò ilé, àkọsílẹ̀ ìdí igi àti ẹ̀dà ìkéde ìjọba, ẹ kó gbogbo wọn sínú fáìlì kan láti òní, kí ẹni méjì tí kò gbé inú ilé náà ní ẹ̀dà lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti wó apá kan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó àwókù lọ: ilẹ̀kùn, fèrèsé, ọnà àti bíríkì tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ ó fi tún un kọ́.